Èèkù Tó Ti Jẹrà

Ní ọdún kan tí mo lọ lo ìsinmi ìwádìí ní ìlú London, mo wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí n kò ní dárúkọ. Mo dúró níwájú àpótí onígíláàsì kan. Irin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n rí nínú odò Thames; kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ojú kan ni ó ní, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́. Èèkù kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ìdí irin tín-ín-rín tí èèkù ti bò mọ́lẹ̀ nígbà kan rí nìkan ni ó ṣẹ́kù. Síbẹ̀, ẹni tí ó kọ ìwé pélébé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣiyèméjì: ó pè é ní misericorde, ó sì ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n rọ ọ́. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe awalẹ̀pìtàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ni ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó di ọ̀rọ̀ irin, ìdí nìyí tí mo fi dá sí i.

Àánú ni ìtumọ̀ misericorde ní èdè Faransé. Wọ́n ní ọ̀bẹ tí akọgun fi ń gba ọ̀tá tí ó ti gbọgbẹ́ ikú lọ́wọ́ ìrora ni, tàbí èyí tí ó fi ń dẹ́rù ba ẹni tí ó ṣubú títí olúwarẹ̀ yóò fi bẹ̀bẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ ìrísí. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ní ọ̀bẹ tí òun fi ń kun ẹran, mo mọ ohun tí ọ̀bẹ náà ń ṣe. N kò mọ̀ bóyá igi ni èèkù rẹ̀ tàbí ìwo. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí nìkan, kò sí ẹni tí ó lè ya àwòrán ọ̀bẹ kan. Àwọn tí ó ń kó irin àtijọ́ jọ ni wọ́n wá so orúkọ náà mọ́ gbogbo ọ̀bẹ tín-ín-rín tí ó bá sáà ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Mo gbà pé iṣẹ́ wọn kò rọrùn. Àwọn ẹ̀yà Saxon àti Frank ní ọ̀bẹ olójú kan tí à ń pè ní seax, ìyẹn kò sì nira láti dá mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Ní ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá, idà, ọ̀kọ̀ àti asà ni àwọn ayàwòrán fi ń yẹ́ akọgun sí. Wọn kò ka ọ̀bẹ sí nǹkan iyì. Síbẹ̀ ọ̀bẹ wà lójú ogun. William ará Brittany, àlùfáà ọba Philip ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú ogun Bouvines ní ọdún 1214, àwọn ọ̀tá lo ọ̀bẹ gígùn, tín-ín-rín, olójú mẹ́ta. Nínú Bíbélì alàwòrán tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1240 sí 1250, tí ó wà ní ilé ìkàwé Morgan ní New York lónìí, a rí ọ̀bẹ ìjà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó di ọ̀rúndún kẹrìnlá kí ó tó wọ́pọ̀ ní ìbàdí àwọn ère akọgun tí wọ́n gbẹ́ sórí ibojì. Ẹni tí ó bá fi ibojì nìkan ka ọjọ́ orí ọ̀bẹ yóò pẹ́ jù. Ẹni tí ó bá fi orúkọ nìkan kà á yóò yá jù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé àkójọ tí J. B. Ward Perkins ṣe fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú London ní ọdún 1940. Èèkù ni ó fi pín àwọn ọ̀bẹ náà sí ẹ̀yà. Èyí tí ó dàbí idà kékeré, tí irin dábùú lábẹ́ èèkù rẹ̀, wà. Èyí tí èèkù rẹ̀ dàbí lẹ́tà I ńlá wà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Basel pè ní baselard. Aláwo tún wà: àwo pẹrẹsẹ kan ni ó kọ́kọ́ ní, lábẹ́ èèkù, kí wọ́n tó fi ìkejì sí orí rẹ̀. Ọ̀bẹ aláwo yìí le, ṣóńṣó rẹ̀ sì mú kí ó lè wọ àlàfo àárín ẹ̀wù irin. Fiore dei Liberi, olùkọ́ ìjà ará Ítálì, ya bí a ti ń lò ó sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1409.

Ẹ̀yà kan kù tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1300, ọ̀bẹ kan jáde tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́, tí kókó róbótó méjì sì wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn tí ó ń gbé e kò fi ohun tí ó jọ pamọ́. Ẹpọ̀n ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Langland lo orúkọ náà nínú Piers Plowman, níbi tí ó ti ń bú àwọn àlùfáà tí wọ́n ń so baselard tàbí ọ̀bẹ ẹlẹ́pọ̀n mọ́dìí. Ìyẹn ni pé ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹ̀yà méjèèjì ti ní orúkọ tiwọn lẹ́nu aráàlú. Àfi ìgbà tí ó di ayé Ọbabìnrin Victoria tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n pe ẹpọ̀n ní kíndìnrín. Àwa Yorùbá mọ àdàpè dáadáa, a sì mọ̀ pé àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Ohun tí ó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá kíndìnrín nínú ìwé ayé ìgbà náà kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ ketekete.

Irọ́ mìíràn kò ti ara ìtìjú wá, ìfẹ́ ìtàn dídùn ni ó bí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1381, William Walworth, olórí ìlú London, ṣá Wat Tyler, aṣáájú àwọn ọlọ̀tẹ̀, lọ́gbẹ́ ní Smithfield. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja, tí Walworth jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ní ọ̀bẹ kan nínú gbọ̀ngàn wọn tí wọ́n ní tirẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún sọ pé ọ̀bẹ yẹn ni irin pupa tí ó wà lára àmì ìlú London. Kì í ṣe òun. Idà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni, ó sì ti wà lára èdìdì ìlú náà láti oṣù Kẹrin ọdún kan náà, kí Tyler tó wọ ìlú rárá.

Ọkọ̀ ogun Mary Rose rì ní ọdún 1545. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ wú ohun inú rẹ̀ jáde, èèkù ẹlẹ́pọ̀n pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Iyọ̀ òkun ti jẹ irin tán, ẹrẹ̀ sì ti pa igi mọ́. Kò sí ẹni tí ó ṣì wọ́n pè. Òdìkejì èyí ni ohun tí mo rí nínú àpótí onígíláàsì yẹn. Bí wọ́n bá ní kí n tún ìwé pélébé rẹ̀ kọ, ohun tí n bá kọ nìyí: Ọ̀bẹ ìjà olójú kan. Inú odò Thames ni a ti rí i. Èèkù ti jẹrà. Ó lè jẹ́ aláwo, ó lè jẹ́ ẹlẹ́pọ̀n. Ọ̀rúndún kẹrìnlá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.