Ẹni Tó Mọ Erùpẹ̀ Bù

Nínú gbogbo àwọn tí mo ti rí tó ń bu erùpẹ̀ sí ọ̀rá, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bù tó ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kò ra ìkòkò tí a fi ń gbin nǹkan rí láyé rẹ̀. Ohun tí a bá ti lò tán nínú ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀: agolo mílíkì, agolo tòmátì, kíréètì ẹyin oníwèé, àpò sìmẹ́ǹtì, ike tó ti fọ́ létí, àti ọ̀rá píọ́wọ́tà tó pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ n'Íbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀, síbẹ̀ ata rodo, ìgbá, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti kòkó tó ti ibẹ̀ jáde wà lóko ọ̀pọ̀ èèyàn. Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe jẹun lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá yin èèhù tí mo tà fún un, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló ń yìn, bó mọ̀, bí kò mọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí a ṣe ń po ilẹ̀dú mọ́ iyanrìn odò àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, bí a ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji, ẹni tó bá ti da nọ́sìrì rí kò nílò kí n kọ́ ọ. Ihò dídá náà kò gba àlàyé, àfi nǹkan kan: inú agolo la ti ń gbá ìṣó jáde síta. Bí a bá gbá a láti ìta wọlé, etí ihò á dúró sókè nínú agolo, omi á sì máa sùn sídìí rẹ̀. Ó parí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìdí tí ọ̀rá méjì tí a bu erùpẹ̀ kan náà sí, tí a gbin irúgbìn kan náà sí, tí a ń bomi rin láti inú garawa kan náà, kì í fi í mú èèhù bákan náà jáde.

Ọwọ́ tó bù ú ni.

Kó tó kan ọ̀rá rárá, ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Ìyá Àgbà kì í bu erùpẹ̀ gbígbẹ, kì í sì í bu èyí tó rin gbingbin. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un, á ṣí ọwọ́. Tó bá tú ká, á wọ́n omi sí i. Tó bá dì ṣùù, á fi ìka kan ṣoṣo tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ fọ́. Èyí tí kò bá fọ́, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Á tẹ́ ẹ sórí àpò kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á wá nǹkan mìíràn ṣe. Àwa ọmọ tí a ń dúró á máa kanra, torí a mọ̀ pé a kò ní lọ ṣeré títí ọ̀rá á fi tán nílẹ̀. Kò wo ojú wa. Erùpẹ̀ ló ń dá àkókò, kì í ṣe ẹni tó ń kánjú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdí ọ̀rá. Ọ̀rá píọ́wọ́tà ní igun méjì nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá kàn bu erùpẹ̀ sí i, igun méjèèjì á ṣófo, ọ̀rá á sì máa tàkìtì ní gbogbo ìgbà tí adìyẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà á ti igun méjèèjì wọnú, á bu ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ sí i, á wá pa ìka mẹ́ta pọ̀, á fi tẹ̀ ẹ́ yíká láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, títí ìdí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ tí ọ̀rá á sì dá dúró. Ìdámẹ́ta ọ̀rá nìkan ló ń tẹ̀ báyìí. Ìdí yẹn ló máa gbé gbogbo erùpẹ̀ ró lọ́jọ́ tí a bá ya ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ lóko. Bí kò bá le, erùpẹ̀ á dà, àwọn gbòǹgbò wẹ́ẹ́rẹ́ á já pẹ̀lú rẹ̀, ata tó nàró láàárọ̀ á sì ti sorí kọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Agolo mílíkì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìdí yìí, torí ẹnu rẹ̀ kéré. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nílé wa, òwe kọ́ nìyẹn, ìpín iṣẹ́ ni. Ìyá Àgbà á bu erùpẹ̀, àwa ọmọ á ki ọwọ́ bọ agolo láti tẹ ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń gbọ́ òórùn ilẹ̀dú tó wà lábẹ́ èékánná mi nígbà tí mo bá fẹ́ jẹun, àti ohùn ìyá mi tó ń pariwo pé kí n padà lọ fi kànìnkànìn fọ ọwọ́ yẹn. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi kò wọ agolo mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O ti dàgbà. Wá kọ́ òkè ọ̀rá.”

Òkè ọ̀rá niṣẹ́ wà. Ìdí la ń tẹ̀. Àárín àti òkè, a kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. A ó máa bu erùpẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa já bọ́ láàárín ìka, títí yóò fi kún dé etí. A ó wá di etí ọ̀rá mú lọ́tùn-ún lósì, a ó gbé e sókè bí ìbú ìka méjì, a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. A ó tún un ṣe. Erùpẹ̀ á máa wá àyè fúnra rẹ̀. Èyí tó wẹ́ á wọ àárín èyí tó tóbi, síbẹ̀ atẹ́gùn á ṣì rí ọ̀nà gbà. Kò sí ìka ènìyàn tó lè tò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá kọ́kọ́ balẹ̀, ìró rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Nígbà tó bá tó, á ṣe “gbì” kan, kò ní tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà lè wà nínú ilé ìdáná kó máa ro àmàlà, kó sì pariwo látibẹ̀: “Ìyẹn ti tó! Má jù ú mọ́!” Kò ní tilẹ̀ yọjú.

Erùpẹ̀ á ti fi bí oríkèé ìka kan wálẹ̀ nígbà yẹn. A kì í dí àyè náà. Omi ló ni ín. A ó ká etí ọ̀rá síta kí ẹnu rẹ̀ má baà pa dé, a ó sì to àwọn ọ̀rá sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, torí ọ̀rá omi kò dúdú bí èyí tí wọ́n ń tà fún nọ́sìrì. Bí oòrùn bá ń rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò kì í fẹ́ dúró níbẹ̀.

Ọmọ tó bá fi àtàǹpàkò tẹ òkè ọ̀rá, ohùn Ìyá Àgbà ló máa gbọ́: “Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bà kọ́ lò ń tẹ̀.” Kì í kàn án sọ ọ́. Erùpẹ̀ tí a tẹ̀ pa lókè kì í jẹ́ kí omi wọlé. Omi á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá ṣàn lọ sínú ihò, àárín á gbẹ táútáú, ẹni tó ń bomi rin á máa rò pé òun ti ṣe é, ewé á sì máa pọ́n. Gbòǹgbò tí kò rí àárín wọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá ló máa gbà. Á máa yí po, á máa yí po, títí á fi lọ́ mọ́ra. Ata lè fara dà á, torí ata kò pẹ́ láyé. Kòkó kò lè fara dà á.

Kòkó ló sì kọ́ Ìyá Àgbà níṣẹ́. Kó tó wá sí Ìbàdàn, ìyàwó olóko kòkó ni lápá Ilé-Olújì. Agbọ̀n ni wọ́n fi ń mú ọmọ kòkó dàgbà nígbà náà, agbọ̀n tóóró tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tòun ti agbọ̀n ni wọ́n ń gbé e sínú ihò lóko. Agbọ̀n á jẹrà, gbòǹgbò á gba inú rẹ̀ kọjá. Ó máa ń sọ fún wa pé agbọ̀n láàánú: “Bó o bá bù ú dáadáa, ó gbà. Bó o bá bù ú ní bàṣubàṣu, ó ṣì gbà.” Ọ̀rá kò láàánú. Kì í jẹrà, kì í mí, gbòǹgbò kò lè gba ara rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, nígbà tí píọ́wọ́tà gbòde ní àwọn ọdún 1990, tí ọ̀rá rẹ̀ ń dí gọ́tà kiri, Ìyá Àgbà kò kàn kó ọ̀fẹ́ kó máa yọ̀. Ó jókòó tì í, ó ń wá bí ọwọ́ ṣe máa ṣe ohun tí agbọ̀n ń ṣe fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí líle, àárín tó ń mí, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́: àìláàánú ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ ń tún ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Bí ohun èlò bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ já fáfá tó.

Nílé rẹ̀, ọmọ tó bá fi eyín ya ọ̀rá omi láàárín ti dáràn. Igun kan lókè ni kó fi eyín gé, tínńrín, kó mu omi rẹ̀, kó sì fi ọ̀rá kọ́ sórí okùn. Àlejò kò bọ́ níbẹ̀. Mo rántí ìgbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i: ẹnu wọn ló tẹjú mọ́ bí wọ́n ṣe ń mu omi, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Ìwé ìròyìn tó fi ń ṣe ìkòkò náà ní òfin tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Aláròyé kí a tó kà á sétí rẹ̀ tán, kó tó wá di pé ó yí i mọ́ ìgò tó sì pa ìdí rẹ̀ dé. Ibẹ̀ náà la ti mọ̀ pé etí ìwé kò gbọ́dọ̀ yọ ga ju erùpẹ̀ lọ. Èyí tó bá yọ, omi á máa gba inú rẹ̀ gòkè, atẹ́gùn á sì máa gbé e lọ.

Wọ́n ti wá sọ iṣẹ́ yìí di ti ṣọ́bìrì. Mo ti rí nọ́sìrì tí wọ́n to ọ̀rá dúdú títun sí lọ rẹrẹẹrẹ, tí ọkùnrin kan ń fi ṣọ́bìrì da erùpẹ̀ lé wọn lórí, tí ìkejì ń fi gìgísẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kíṣẹ́ lè yá. Àwọn mìíràn ń ra ike pẹlẹbẹ olójú púpọ̀ tó fẹ́lẹ́ débi pé ọ̀gbẹlẹ̀ kan ló máa mú kó sán. Wọ́n á jù ú nù, wọ́n á tún ra òmíràn. Àwọn kan ń wo fídíò níbi tí ọwọ́ tí kò ní ìdọ̀tí kankan ti ń gbin tòmátì sínú kíréètì ẹyin, tó parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kíréètì ẹyin kò lè di omi mú lábẹ́ oòrùn tiwa, pé bí ewé gidi bá ti yọ tán, ó yẹ kí tòmátì ti kó kúrò níbẹ̀.

Ní 2011, CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn, gbé oríṣi kòkó tuntun 8 jáde, láti TC1 dé TC8, àwọn tó tètè ń so. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Irúgbìn bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan á gbìn sínú ọ̀rá tí wọ́n fi gìgísẹ̀ kì, bí kòkó bá wá kú ní ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́, irúgbìn ló máa bú. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń gbin èèhù tòun ti ọ̀rá, torí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ya á, erùpẹ̀ á dà. Àṣírí ọwọ́ wọn ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà kì í bò ó. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀rá ìbẹ́pẹ kan tí èmi bù, níwájú oníbàárà tó ń ná ọjà lọ́wọ́, ó fi abẹ ya á láti òkè dé ìdí, ó sì gbé erùpẹ̀ náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún un dá padà. Kò dà. Gbòǹgbò funfun yọ lára rẹ̀ yíká, kò sí èyí tó yí po. Kò yìn mí. Ó kọjú sí oníbàárà, ó ní, “Ọmọ yìí ló bù ú,” ó sì fi owó lé iye tó ti pè tẹ́lẹ̀.

Àwọn oníbàárà tèmi náà a máa ṣàròyé. “Ọ̀rá píọ́wọ́tà lásán, ẹ wá pè é lówó gọbọi báyìí?” Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò ka ọ̀rá mọ́ owó náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá wà nílẹ̀, erùpẹ̀ wà nílẹ̀. Kó sáà gé èékánná rẹ̀ kó tó máa bọ̀.