Ta Ló Ń Rìn, Ta Ló Dúró?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà bí àwo King Sunny Adé bá ń dún. Wọ́n á ní gìtá tó ń fa ohùn gùn yẹn ń sọ̀rọ̀ bíi dùndún. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Mo fẹ́ sọ ohun tí gìtá náà ń ṣe, lẹ́yìn náà ni n ó dá sí ọ̀rọ̀ kan tó wà nílẹ̀ ní ìjọ wa: bí gìtá yìí bá ní ọ̀pá orúnkún kan ṣoṣo, iṣẹ́ wo ló yẹ kí a gbé fún ọ̀pá náà?

Pedal steel ni orúkọ gìtá ọ̀hún. A kì í gbé e kọ́ ọrùn. Ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, onígìtá á sì jókòó tì í. Okùn mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ta okùn. Ọwọ́ òsì di irin róbótó kan mú, ó ń fi yọ̀ lórí okùn láti ìlà kan dé òmíràn. Àwọn ará Hawaii ló ti ń fi irin ta gìtá báyìí kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Lẹ́yìn náà ni pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ dé, àti ọ̀pá irin tí orúnkún ń tì lábẹ́ gìtá. Bí a bá tẹ pẹ́dà tàbí tí a ti ọ̀pá, okùn tí a ti so mọ́ ọn á le sí i, tàbí kí ó dẹ̀ sí i. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, okùn á padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Pẹ́dà ti wà kí ọdún 1954 tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń lò ó láti fi pààrọ̀ ìtò okùn nìkan, láàrin ohùn kan sí èkejì, kí etí má baà gbọ́ ọ. Ọdún 1954 ni orin Slowly tí Webb Pierce kọ gbòde ní Amẹ́ríkà. Bud Isaacs tó ta gìtá fún un tẹ pẹ́dà nígbà tí okùn ṣì ń dún. Àwọn ènìyàn wá gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń rìn nígbà tí èkejì rẹ̀ dúró. Ìrìn tí wọ́n ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ di adùn gìtá náà.

Ní ọdún 1982 tí ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music jáde, Démọ́lá Adépọ̀jù ló ta gìtá yìí fún King Sunny Adé. Òun náà ló ta á nínú orin Graceland tí Paul Simon gbé jáde ní 1986. Ẹ tẹ́tí sí Ja Funmi, orin tó ṣíwájú nínú àwo ti 1982. Àwọn gìtá yòókù ń já ohùn wọn wẹ́wẹ́, ìlù ń sọ̀rọ̀, pedal steel á wá fa ohùn rẹ̀ gba àárín wọn kọjá láì kánjú. Kò bá ìlù du ọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti yapa sí àwọn àgbà nìyí. Onídùndún ń fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, ó ń fi ọwọ́ fún ọṣán. Bí ọṣán bá le, ohùn á gòkè; bí ó bá dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ohùn yóò dé nígbàkúùgbà, ìdí nìyẹn tó fi lè tẹ̀ lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kan ni dùndún kan ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti pedal steel kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì kéékèèké ni a fi ń yan ibi tí okùn yóò dúró sí bí a bá tẹ pẹ́dà rẹ̀ délẹ̀. A ti pinnu rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gìtá yìí wá ń ṣe tí dùndún kan kò lè ṣe ni pé ohùn mẹ́ta lè jọ dún, kí ọ̀kan máa rìn, kí méjì dúró dè é. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo fi í wé.

Ẹ jẹ́ kí n fi dó, ré, mí tí a ń lò nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣàlàyé; kì í ṣe dò, re, mí ti àmì ohùn. E9 ni wọ́n ń pe ìtò okùn tó wọ́pọ̀ jù lórí gìtá olókùn mẹ́wàá. Bí a bá fi E ṣe dó, okùn kẹrin àti ìkẹjọ jẹ́ dó, ìkẹta àti ìkẹfà jẹ́ mí, ìkarùn-ún àti ìkẹwàá jẹ́ só. Pẹ́dà kìíní ń gbé só lọ sí lá. Pẹ́dà kejì ń gbé mí lọ sí fá. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ méjèèjì papọ̀, dó-mí-só á di dó-fá-lá. Ẹ wò ó dáadáa: dó kò kúrò lójú kan.

Bọ̀dá tó ń ta gìtá ní ìjọ wa ra àlòkù pedal steel kan. Pẹ́dà rẹ̀ pé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀pá orúnkún kan ṣoṣo ló ní, ọ̀pá náà kò sì so mọ́ okùn kankan. Àwọn irin ìfàkùn tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju méjì lọ. Wọ́n wá bi àwa akọrin pé kí ni kí àwọn fi ṣe. Àwọn kan nínú ìjọ tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, kíbọ́ọ̀dù ti tó.

Ohun méjì ló wà níwájú wa. Èkíní ni kí ọ̀pá náà gbé dó méjèèjì sókè díẹ̀, ìwọ̀n àlàfo tó wà láàrin mí àti fá. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Bí a bá tì í, tí a sì tẹ pẹ́dà kìíní mọ́ ọn, kọ́ọ̀dù tí a ń ta níbi kan á tún wà ní ìlà mẹ́ta sókè. Pẹ́dà méjì àkọ́kọ́ ti fún wa ní òmíràn ní ìlà méje sókè. Kọ́ọ̀dù kan náà, ibi mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa sáré lókè sódò kò ní rí ohun tó dára jù ú lọ.

Èkejì ni kí ọ̀pá náà rẹ dó sílẹ̀ sí tí. Èyí ni mo fara mọ́. Ọ̀pọ̀ orin tí a ń kọ ní ìjọ wa, títí kan èyí tí a fi ìlù jùjú gbé, kò kọjá kọ́ọ̀dù mẹ́ta: ti dó, ti fá àti ti só. Ti dó wà nílẹ̀ láì tẹ ohunkóhun. Pẹ́dà méjì ń mú ti fá wá. Bí ọ̀pá bá rẹ dó sílẹ̀ sí tí, tí a sì ta okùn karùn-ún, ìkeje àti ìkẹjọ, a ó gbọ́ só, ré àti tí. Kọ́ọ̀dù só dé nìyẹn, irin ọwọ́ òsì kò sì kúrò lójú ìlà.

Akọrin kan tako mi. Ó ní okùn kejì ti jẹ́ tí tẹ́lẹ̀, èkíní sì jẹ́ ré. Bí a bá ta àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìkarùn-ún, kọ́ọ̀dù só ti wà láì lo ọ̀pá rárá. Òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀dù nìkan la ń wá, òun ló borí. Ṣùgbọ́n okùn kejì kàn máa sọ pé tí dé ni. Kò lè jẹ́ kí a gbọ́ bí dó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ di tí, nígbà tí só dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí ìrìn yẹn la ṣe ń lo pedal steel. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa, bí a bá fẹ́ yan iṣẹ́ ọ̀pá, ni pé ohùn wo la fẹ́ kí etí bá rìn. Iye kọ́ọ̀dù tí a ó rí ńkọ́? Ìyẹn lè tẹ̀ lé e.

Ìdáhùn mi sí àwọn oníkíbọ́ọ̀dù náà nìyẹn. Lórí kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa, àgbá kékeré kan wà lápá òsì tí wọ́n ń yí láti fi fara wé gìtá yìí. Bí wọ́n bá tẹ ohùn mẹ́ta tí wọ́n yí i, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gòkè papọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀ papọ̀. Kò sí ẹni tó dúró de ẹnì kan. N kò sọ pé kíbọ́ọ̀dù kò wúlò, òun ló ń gbé orin wa ró láti ọjọ́ yìí. Mo kàn ń sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀, bí a bá sì fi ìyẹn tẹ́ ara wa lọ́rùn, àwọn àbúrò wa á dàgbà láì mọ ohun tó wà nínú àwọn àwo tí bàbá wọn ń gbọ́.

Bọ̀dá kò tíì so irin kankan. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó. Kí wọ́n tó pinnu, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ya Ja Funmi lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Nígbà tí pedal steel bá wọlé, ẹ má wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ di ohùn kan mú tí kò kúrò níbi tó wà, kí ẹ sì máa gbọ́ èyí tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.