Ẹ́síréè Kò Rí Ẹran Ìdí Àtàǹpàkò

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ti pẹ́: Eaton àti Littler, oníṣẹ́-abẹ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1973. Àwọn ló fún wa ní ìpele mẹ́rin tí wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n làkúrègbé ìdí àtàǹpàkò.

Mi ò bá wọn jà. Oníṣẹ́-abẹ kọ ọ́ fún oníṣẹ́-abẹ: ṣé àlàfo oríkèé ti fún, ṣé eegun ti yẹ̀, ṣé èérún eegun ti ju mìlímítà 2 lọ? Ó mọ́, ó sì rọrùn láti rántí. Àmọ́ eegun nìkan ló kà. Ẹran kì í hàn dáadáa nínú ẹ́síréè, ohun tí kò bá sì hàn, ta ló ń béèrè rẹ̀?

Ẹ wo àwọn ìyá tó ń bẹ èèpo iṣu fún èlùbọ́ níbí ní Ìjàgbó. Bí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bá fi agbára kílógírámù 1 fún nǹkan, ìdí àtàǹpàkò ń gbé tó 12, gẹ́gẹ́ bí Cooney àti Chao ṣe ṣírò ní 1977. Tí ibẹ̀ bá ń dùn wọ́n, wọn ò ní lò ó mọ́. Ẹran tó kún nídìí àtàǹpàkò á máa joro, ojú ibẹ̀ á jìn. Adductor pollicis, iṣan tó ń fa àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, á wá le gan-an, débi pé ọwọ́ ò ní lè ya di ọmọ odó mú. First dorsal interosseous, tó wà láàárín ìka méjèèjì, ló máa ń bá wa fa eegun náà padà sí àyè rẹ̀. Òun ni àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì sì ń kọ́ níṣẹ́. (Èdè wa náà ò ràn wá lọ́wọ́ o: iṣan là ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan là ń pe èyí tó ń fa eegun.)

Ìdí nìyẹn tí obìnrin méjì fi lè wà ní ìpele kẹta kan náà, kí ọ̀kan ṣì máa gúnyán, kí èkejì má lè de bọ́tìnì. Tí wọ́n bá sọ fún èkejì pé eegun ti jẹ, kó lọ máa gbé oògùn ìrora mì, wọ́n ti gba ohun tó ṣì ṣeé tún ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Kèrékèré tó ti jẹ kì í padà. Iṣan tó rọ ṣì lè gba ẹ̀kọ́.

Ọ̀kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kó mọ́ làkúrègbé: bí ẹran náà bá ń joro, tí àtàǹpàkò dé ìka àárín sì ń kú lóru, ó lè jẹ́ pé ọrùn-ọwọ́ ló fún iṣan ìmọ̀lára pa. Ẹ tètè fi han dókítà.