Ọ̀gá Akọrin, Ọ̀gá Olùkọ́: Ṣé Ọ̀kan Náà Ni Wọ́n?

Wọ́n ní kí ẹni tó bá ka eré-oníṣe kan tó dùn mọ́ ọn kọ ohun tó rí níbẹ̀ wá. Èyí tí mo kà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi, àmọ́ kò jẹ́ kí n sùn. Master Class ni orúkọ rẹ̀. Terrence McNally, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Wọ́n gbé e dé Broadway ní New York lọ́dún 1995, ó sì gba ẹ̀bùn Tony fún eré tó dára jù lọ lọ́dún 1996. Kì í ṣe eré yẹpẹrẹ ni mo fẹ́ bá wí o. Eré gidi ni, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ká mi lára.

Maria Callas ni eré náà dá lé. Akọrin ópẹ́rà ni. Ópẹ́rà, fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, ni eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Akọrin kì í lo maikirofóònù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ borí gbogbo àwọn tó ń fun fèrè, tó ń ta gòjé, tó ń lùlù níwájú rẹ̀. New York ni wọ́n ti bí Callas lọ́dún 1923, ará Gíríìsì sì ni àwọn òbí rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 1965 ló ṣe odindi ópẹ́rà kẹ́yìn lórí ìtàgé, ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú Tosca. Láti oṣù Kẹwàá 1971 sí oṣù Kẹta 1972, ó wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọrin níwájú èrò ní ilé ẹ̀kọ́ Juilliard, ní New York. Kíláàsì gbangba yìí ni McNally sọ di eré.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibi kan níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sophie jáde wá. Ẹ̀rù ń bà á. Ó fẹ́ kọ orin kan láti inú La sonnambula. Ó la ẹnu, ohùn kìíní jáde, kíá, Callas ti dá a dúró. Ohùn kan ṣoṣo o! Orin kò tíì di orin. Callas wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kí èèyàn lè rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ jámbáìtì, bùọ̀dá kan wà tó ń darí kwáyà tí mo wà. Ká sòótọ́, bí wọ́n bá kọrin, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbọ́ láìlo ẹ̀rọ. Níbi ìdánrawò mi àkọ́kọ́, wọ́n dá mi dúró níbi ọ̀rọ̀ kìíní. Wọ́n ní kí n máa la ẹnu lásán, kí n má mú ohùn jáde, kí n má baà ba orin jẹ́. Gbogbo kwáyà bú sẹ́rìn-ín. Odindi ọdún méjì ni mo fi la ẹnu bí ẹja. Mo wọ aṣọ kwáyà, mo dúró sí ìlà kejì, mo la ẹnu, kò sí ẹni tó mọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń bá eré yìí jà, ẹ mọ ibi tí ìjà náà ti wá.

Ká má purọ́, McNally mọ eré kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Sharon, dé pẹ̀lú aṣọ òde gígùn, Callas fi aṣọ náà ṣẹ̀sín títí ọmọ náà fi sá jáde lọ bì. Ó padà wá, ó kọ orin ìyàwó Macbeth, Callas sì sọ fún un pé kó wá orin tí agbára rẹ̀ ká. Ìgbà náà ni Sharon da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Èmi náà ì bá ti sọ ọ́ bí mo bá láyà nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé náà ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń kọrin, Callas inú eré náà á ti lọ. Ọkàn rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ Meneghini ọkọ rẹ̀, á lọ sọ́dọ̀ Onassis olówó tó fẹ́ràn, tó já a jù sílẹ̀. Ọmọ ń kọrin lọ, olùkọ́ ti bá ìrántí tirẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wá dà bí ilẹ̀kùn lásán tí ọ̀gá ń gbà wọlé sínú ìtàn ara rẹ̀. Fún orí ìtàgé, ó dáa, ó ń mú omi bọ́ lójú. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìkọ́ni jẹ́, irọ́ ni.

Ẹ ní báwo ni mo ṣe mọ̀? Wọ́n gba ohùn àwọn kíláàsì Juilliard yẹn sílẹ̀, wọ́n sì gbé apá kan jáde. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ. Obìnrin tí mo gbọ́ kì í ṣe ti inú eré. Ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ́ kí ọmọ kọrin lọ ná. Lẹ́yìn náà ló ń padà sí ọ̀rọ̀ kan, sí ibi kan tó yẹ kí wọ́n ti mí, sí ibi tí wọn ò gbọdọ̀ ti fi ipá ti ohùn. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá sú u, á fi ohùn ara rẹ̀ ṣe é kí wọ́n gbọ́. Kódà ó kọ orin bàbá tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nínú Rigoletto, orin ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè mọ bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń rí. Ohùn Callas ti gbó nígbà náà. Ó mọ̀, èrò náà mọ̀. Síbẹ̀ ó fi ohùn gbígbó yẹn ṣe àpẹẹrẹ níwájú wọn. Lójú tèmi, ìgboyà tó wà níbẹ̀ ju gbogbo igbe inú eré McNally lọ. Ní ìparí kíláàsì tó kẹ́yìn, ó ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, pé ọpẹ́ tí òun fẹ́ ni kí wọ́n lo ohun tí wọ́n kọ́. Ó parí. Kò sí ẹkún Onassis níbẹ̀.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ nìyẹn: eré náà gbé ọgbẹ́ akọrin wá, ó ní iṣẹ́ olùkọ́ nìyí.

Àmọ́ mi ò ní sọ Callas di òrìṣà. Kíláàsì gbangba fúnra rẹ̀ ní àléébù. Ó dà bí ìgbà tí aṣọ ti di rírán tán, tí télọ̀ wá ń gé òwú tó yọ létí rẹ̀. Ibi tó ti wọn ènìyàn, ibi tó ti tú u tó tún un rán, kò sí ẹni tó jókòó wò ó. Tá a bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rán aṣọ Callas, àfi ká lọ sí Athens, sọ́dọ̀ Elvira de Hidalgo.

Ará Sípéènì ni de Hidalgo. Akọrin ópẹ́rà gidi lòun náà, ó ti kọrin ní Metropolitan ní New York lọ́dún 1910. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ohùn ní Athens, ibẹ̀ ni Callas ti bá a kí ó tó pé ogún ọdún. Ohun tí Callas máa ń ṣe ni pé á dé láàárọ̀, kò ní lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Á gbọ́ ti ara rẹ̀, á gbọ́ ti ẹlòmíì, títí kan ti àwọn tí ohùn wọn kò jọ tirẹ̀ rárá. Ṣé ẹ rí i? Bí ọmọ ìjálá ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ ròde nìyẹn, tó ń gbè é lẹ́yìn, tó ń gbọ́, kó tó di pé wọ́n ní kó dá sun. Ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìbéèrè mi wá nìyí: ṣé ẹni tó gbayì jù lórí ìtàgé ló ń mọ̀ ọ́n kọ́ jù? Manuel García ọmọ ni ìdáhùn mi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ akọrin ńlá, àbúrò rẹ̀ Maria Malibran náà gbayì gan-an. Òun fúnra rẹ̀ bá ẹbí rẹ̀ kọrin ní New York lọ́dún 1825, àmọ́ kò pẹ́ tó fi kúrò lórí ìtàgé. Ohùn tirẹ̀ kò gbà á dé ibi tí ti àwọn yòókù gbé wọn dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ibo ni ohùn ti ń jáde gan-an? Lọ́dún 1854, ó fi dígí kékeré àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn wo inú ọ̀fun ara rẹ̀, ó rí ibi tí gògóńgò ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń mú ohùn jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ dé iwájú Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn dókítà ọ̀fun jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà. Láti 1848 títí di 1895 ló fi kọ́ni ní Royal Academy of Music.

Ìtàn rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Jenny Lind, ọmọ Sweden, tó wá bá a ní Paris lọ́dún 1841. Ọmọ náà ti fi àṣejù orin ba ohùn rẹ̀ jẹ́. García gbọ́ ọ, ó sì sọ òótọ́ fún un pé ohùn náà ti lọ. Kò sọ pé kó máa la ẹnu lásán o. Ó ní kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má kọrin, kó dín ọ̀rọ̀ kù, kó padà wá. Lind padà wá. García bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń dà gìrìgìrì láti gbọ́ ohùn tó ti lọ yẹn. Olùkọ́ méjèèjì, García àti bùọ̀dá mi, ló dá ohùn dúró. Ọ̀kan sọ ọjọ́ tí a ó padà wá, ìkejì kò sọ.

Àwọn kan máa ń ní ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń di tíṣà. Ní ti ópẹ́rà, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Eré-dé-eré ni ọ̀pọ̀ akọrin ń gba iṣẹ́. Bí òtútù bá mú ọ̀fun lálẹ́ eré, owó alẹ́ yẹn lè lọ. Ohùn sì ń dàgbà bí olóhùn ṣe ń dàgbà. Ìkọ́ni ń mú owó tó dájú wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì ń du ara wọn mọ́ ẹni lọ́wọ́: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì látàárọ̀ ti ná lára ohùn tó fẹ́ lò lálẹ́, bí ó bá sì rìnrìn àjò eré, akẹ́kọ̀ọ́ á máa dúró dè é.

Síbẹ̀ àwọn kan ṣe méjèèjì láìṣe pé ọ̀kan jẹ́ àjẹkù èkejì. Todd Duncan, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀, ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Howard kí wọ́n tó mú un láti jẹ́ Porgy àkọ́kọ́ nínú Porgy and Bess lọ́dún 1935. Nígbà tí eré náà dé Washington lọ́dún 1936, ó kọ̀ láti kọrin ní gbọ̀ngàn tí kò gba àwọn ènìyàn rẹ̀ láyè láti jókòó níbi tó wù wọ́n, àwọn onígbọ̀ngàn sì gbà nígbẹ̀yìn. Lọ́dún 1945 ó bá New York City Opera kọrin. Lẹ́yìn ìtàgé, ó ń kọ́ni nílé rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Nílé tiwa náà, Joy Nwosu Lo-Bamijoko kọ́ ohùn ní Róòmù, ó sì wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ẹ ò ní rí eré Broadway tó dá lé irú wọn. Kò sí ẹni tó sá lọ bì.

Ta ló wá gbà mí lọ́wọ́ ẹnu lílà? Màmá kan nínú kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé ni, tí wọn ò dá orin kọ níwájú èrò rí. Wọ́n ti ń wò mí, wọ́n ti mọ̀ pé n kì í mú ohùn jáde. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí n gbé ìwé orin lé ikùn, kí n máa mí kí ìwé náà gòkè. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí orin kankan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohùn mi kì í ṣe ohùn ìtàgé, àmọ́ ohùn ni, ó sì ń jáde.

Ìdájọ́ mi: ẹ ka Master Class, ó tó kà. Ṣùgbọ́n bí èrò bá rẹ́rìn-ín níbi ohùn kìíní Sophie, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọmọ 100 level kan mú ewì wá. Kò tíì ka ìlà kejì tán tí ọ̀kan nínú àwa àgbà ẹgbẹ́ fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì fi ìlà kìíní ṣe yẹ̀yẹ́. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi tí mo fi ọdún méjì la ẹnu lásán. Ọmọ náà ká bébà rẹ̀, kò sì tíì padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ hóstẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún un pé a ṣì wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé mo fẹ́ gbọ́ ewì náà dé òpin.