Ẹni Kẹjọ Tí Kò Lọ sí Òkè Láńgbòdó: Ọ́tísíìmù, Àgbà àti Ìyàtọ̀ Ẹ̀dá ní Festac Town

Ní ọdún 1977, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Nàìjíríà fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tí a mọ̀ sí FESTAC, eré oníṣe tí Nàìjíríà gbé síta ni Langbodo. Wálé Ògúnyẹmí ni ó kọ ọ́, Dàpọ̀ Adélugbà sì ni olùdarí rẹ̀. Inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, ni a ti fa ìtàn náà yọ. Àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé. Àwọn àlejò padà sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n ilé tí ìjọba kọ́ fún wọn kò bá wọn lọ. Ilé wọ̀nyí ni ó di Festac Town, ní Amuwo-Odofin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Eré yẹn àti àdúgbò yẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pọ̀ níhìn-ín, kí a lè bi ara wa léèrè: irú ìyàtọ̀ wo ni ìtàn wa kọ́ wa láti gbà mọ́ra, irú wo ni ó sì fi sílẹ̀ sẹ́yìn?

Ẹni tí ó bá ka ìwé Fágúnwà mọ̀ pé Àkàrà-oògùn nìkan kọ́ ni ó gba ọ̀nà Òkè Láńgbòdó. Kàkó oníkùmọ̀ ekùn bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ akọrin, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, Ẹfọ́ìyẹ̀ tafàtafà, àti Arámàǹdà-ọkùnrin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń kéde pé ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni. Kò sí méjì nínú wọn tí ó jọra. Ó rọrùn láti fi èyí yangàn pé Yorùbá ti mọ iyì ìyàtọ̀ tipẹ́. Ìyìn náà tọ́ sí òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ìwúlò ni ó ṣíwájú olúkúlùkù wọn wọlé. Kùmọ̀ wúlò lójú ìjà, orin wúlò lójú ìbànújẹ́, ọgbọ́n wúlò lójú ìdàrúdàpọ̀. Ìlú nílò wọn, ìlú sì gbà wọ́n. Bí a bá yọ ìwúlò yẹn kúrò, kí ni yóò kù tí ìlú yóò fi gbà wọ́n?

Àwọn baba wa ní òye mìíràn tí kò dá lórí ìwúlò. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ òrìṣà ni à ń fi í wo àfín. Àfín, abuké àti arọ wà lábẹ́ ààbò Ọbàtálá, nítorí a gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú ni a fi ń rí àfín. Ìyàtọ̀ tí ojú kò rí kì í rí ọ̀wọ̀ yẹn gbà. Ìwà ni a máa ń kà á sí, ẹni tí a bá sì ka ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìwà, ìbáwí ni yóò máa jẹ títí ọjọ́ alẹ́.

Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ́tísíìmù. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ẹni tí ó ní in ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń gba ọ̀rọ̀, ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí Leo Kanner kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943, ọmọdé 11 ni ó ṣàpèjúwe. Láti ìgbà náà, ọmọdé ni ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn bí a bá dárúkọ ọ́tísíìmù. Bẹ́ẹ̀, ọmọdé a máa dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan tí ó ń gbé ní Seventh Avenue ní Festac. Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, igbe kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní Mile 2, gbogbo rẹ̀ ń wọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí ó lè tì sẹ́yìn. Ó kọjá lára ìyá àgbà kan, kò kí i. Ìyá rẹ̀ a sáré bẹ̀bẹ̀: “Ẹ má bínú, mà, ìtìjú ló ń ṣe é.” Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, àìwo àgbà lójú jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé, wọ́n sì yìn ín. Nígbà tí ó dàgbà tán, àìwo ènìyàn lójú di ìgbéraga tàbí ọ̀kánjúwà tí ń pa nǹkan mọ́. Ojú kan náà ni. Àwa ni a yí òṣùwọ̀n padà. Nínú fíìmù wa pàápàá, ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà sọ kì í sábà ju ọ̀dẹ̀ tí a fi ń rẹ́rìn-ín lọ.

Òfin kò dákẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí yíya irú wọn sọ́tọ̀, tí ó sì ní kí iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti fún wọn ní àyè márùn-ún, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Kò lè mú kí àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ fi àga lọ ẹni tí ó wọlé tí kò kí wọn.

Donald Triplett ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn 11 tí Kanner kọ nípa wọn. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Forest, ní Mississippi, ni ó gbé títí tí ó fi kú ní 2023, ní ẹni ọdún 89. Ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì rin ìrìn àjò káàkiri. A kò gbọdọ̀ gbójú fò ó pé ìdílé ọlọ́rọ̀ tí báńkì náà kàn ni a bí i sí. Àwọn ará ìlú a sì máa pa ìtàn bí ó ṣe mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n owó kò lè ra gbogbo ìlú, ìṣirò kò sì tó láti fi ṣọ̀rẹ́ títí ọjọ́ ogbó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ọ̀nà ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó jẹ́ ara wọn.

A kò fi èyí dá Fágúnwà tàbí Ògúnyẹmí lẹ́bi. Ìtàn akọni ni wọ́n ń sọ, akọni ni wọ́n sì yàn. Àwa tí a wá lẹ́yìn ni ó ku iṣẹ́ fún. Méje ni àwọn tí a mọ̀ sí Òkè Láńgbòdó, Àkàrà-oògùn àti àwọn mẹ́fà rẹ̀. Ẹni kẹjọ kò ní agbára kan tí ọba lè rán níṣẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí yóò bá kọ ọ́ kò nílò igbó irúnmalẹ̀. Àdúgbò tí a kọ́ fún gbígba àlejò ti wà nílẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ọkùnrin yìí jókòó síwájú ilé, kí ó fi ọwọ́ bo etí rẹ̀. Kí ìyá àgbà tún kọjá, kí ó sì ṣíwájú kí i. Ẹ̀kọ́ ilé ni ìyẹn náà.