Ìwé Tí A Kì Í Tà àti Ìwé Tí A Ń Tà: Ìtẹ̀wé Ẹ̀sìn Sikh ní Ẹ̀yìn Odi

Nínú àwọn ilé ìtàwé Sikh tí ó wà ní Southall, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àti ní Handsworth ní ìlú Birmingham, ìwé pọ̀ lórí pẹpẹ. Ìwé àdúrà kéékèèké wà níbẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé àwọn Guru mẹ́wàá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ lẹ́tà, kàlẹ́ńdà, àwo orin ìyìn, ẹ̀gbà ọwọ́ onírin àti òòyà onígi tí ẹ̀sìn náà pa láṣẹ. Ìwé kan ni ènìyàn kì í bá nínú ọjà náà. Guru Granth Sahib ni, ìyẹn ìwé mímọ́ tí gbogbo ìwé yòókù ń tọ́ka sí.

Kì í ṣe pé ìwé náà tán lọ́jà. Ẹ̀sìn Sikh ni kò kà á sí ọjà. Ní ọdún 1604 ni Guru Arjan, ẹni karùn-ún nínú àwọn Guru mẹ́wàá, kó àwọn orin mímọ́ jọ sí ojú kan ní Amritsar. Nígbà tí Guru Gobind Singh, ẹni kẹwàá, ń pa ipò dà ní ọdún 1708, kò yan ènìyàn kankan rọ́pò ara rẹ̀; ìwé náà ni ó fi jẹ Guru títí ayé. Láti ìgbà náà ni àwọn Sikh ti ń bá ìwé yìí lò bí ẹni tí ó gun orí ìtẹ́. Ó ní ibùsùn tí ó ń sùn sí lóru, ó ní aṣọ tirẹ̀, abẹ́ ìbòrí ni ó ń jókòó sí ní ọ̀sán, ẹni tí ó bá sì wà nídìí rẹ̀ a máa ju ìrùkẹ̀rẹ̀ lókè orí rẹ̀. Yorùbá tí ó bá rí èyí kò nílò alàyé: ọba ni wọ́n ń ṣe é sí. Orí ni wọ́n fi ń rù ú bí ó bá ń jáde. Bí ó bá gbó, wọ́n a sun ún pẹ̀lú ayẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sun òkú ní ilẹ̀ wọn. Ta ni yóò dúró máa ná ọba lórí pẹpẹ?

Nítorí èyí ni ìtẹ̀wé rẹ̀ fi wà lábẹ́ ìṣọ́ líle. Ojú-ìwé 1,430 ni ẹ̀dà tí a fọwọ́ sí ń ní; ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ojú-ìwé kan ní Amritsar, ojú-ìwé yẹn náà ni a ó ti bá a ní Vancouver. Ní ọdún 1998, Akal Takht, ìyẹn ìjókòó àṣẹ ẹ̀sìn náà ní Amritsar, ka ìtẹ̀wé rẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn atẹ̀wé aládàáni. Ní ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Punjab sọ ọ́ di òfin, tí àṣẹ ìtẹ̀wé sì wà lọ́wọ́ SGPC, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1920 láti máa bójú tó àwọn gurdwara, èyí tí í ṣe ilé ìjọsìn Sikh. Ìṣọ́ náà kò mọ sí Íńdíà. Ní ọdún 2020, nígbà tí ìròyìn dé Amritsar pé wọ́n ń tẹ ìwé náà ní Surrey ní Kánádà, Akal Takht pàṣẹ pé kí iṣẹ́ náà dúró.

Orí ìwé ńlá ni gbogbo ìṣọ́ yìí wà. Ìwé kékeré ń rìn kiri láìní olùṣọ́ tó bẹ́ẹ̀. Gutka ni orúkọ rẹ̀, ìwé àdúrà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí àdúrà bí Japji àti Sukhmani wà nínú rẹ̀. Inú ìwé ńlá kan náà ni a ti yọ àdúrà méjèèjì yìí, síbẹ̀ àwọn atẹ̀wé aládàáni ń tẹ̀ wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ ní òkèèrè ń tẹ̀ wọ́n, olúkúlùkù sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ wé gutka, wọn kì í gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á. Òun ni ọmọ Sikh tí a bí sí Leicester tàbí Toronto ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ìwé kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bá ọ̀rọ̀ Guru pàdé, a jẹ́ pé òun ni ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìwé tí ó wà lórí ìtẹ́.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí òkèèrè kò ní ìṣòro lẹ́tà. Gurdwara ti wà ní Vancouver láti ọdún 1908, ó sì ti wà ní Stockton ní California láti ọdún 1912. Nígbà tí ìwé ìròyìn Ghadar bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní oṣù November 1913, èdè Urdu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí ó ti ń jáde ní lẹ́tà Gurmukhi pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó kún inú rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Àmọ́ ó fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ alágbára tí a kọ ọ́ fún mọ lẹ́tà náà, tàbí kí wọ́n ní ẹni tí yóò kà á sí wọn létí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Des Pardes, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Southall ní ọdún 1965. Nítorí àwọn ọmọ ni lẹ́tà Rómánù, irú èyí tí a fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wọ inú ìwé àdúrà. Àwọn ọmọ náà kò kéré níye mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2021 ka Sikh tí ó lé ní 520,000 ní England àti Wales, ó sì ka èyí tí ó lé ní 770,000 ní Kánádà.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Guru nígbà tí ó bá bọ́ Gurmukhi sílẹ̀ tí ó gbé Rómánù wọ̀? Ìwà tí ọ̀pọ̀ olùtẹ̀jáde ń hù fi hàn pé wọ́n gbà pé aṣọ lásán ni a pààrọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àwọn ọdún 1930, Sahib Singh, àgbà onímọ̀ gírámà, ṣe àlàyé pé àwọn fáwẹ̀lì kúkúrú tí ó máa ń wà ní ìparí ọ̀rọ̀ nínú ìwé mímọ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Méjì ni ó ṣe kókó nínú wọn: sihari, tí ó dúró fún i, àti aunkar, tí ó dúró fún u. Bí a bá ń kàwé, wọn kì í sábà dún létí. Ojú ni ó ń rí wọn. Síbẹ̀ àwọn ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ ń ṣe nínú gbólóhùn. Bí a bá kọ guru, tí aunkar wà ní ìparí rẹ̀, Guru lè jẹ́ olùwà gbólóhùn. Bí ó bá jẹ́ gur, láìsí àmì kankan ní ìparí, ó lè jẹ́ ‘ti Guru’. Bí ó bá sì jẹ́ guri, tí ó ní sihari, ‘láti ọwọ́ Guru’ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ohun tí Yorùbá ń fi ipò ọ̀rọ̀ àti wúnrẹ̀n bí ‘ti’ àti ‘láti ọwọ́’ ṣe, fáwẹ̀lì tí etí kò gbọ́ ni èdè ìwé yìí fi ń ṣe é.

Ibi tí gutka onílẹ́tà Rómánù ti kọsẹ̀ nìyí. Àwọn kan ń kọ ohun tí etí gbọ́: wọ́n kọ gur lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ náà pè é dáadáa, ṣùgbọ́n gírámà ti lọ, kò sì sí bí òun tàbí olùkọ́ rẹ̀ ṣe lè fi ojú ìwé yẹn mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni nǹkan. Àwọn mìíràn ń kọ ohun tí ojú rí: guru, gur, guri. Gírámà wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún ọmọ náà pé fáwẹ̀lì ìparí kì í dún. Ó pe gbogbo rẹ̀, ìlù orin náà sì dàrú. Irú kejì yìí ni ó sàn jù, nítorí pé àṣìpè ṣeé tún ṣe lẹ́nu, ṣùgbọ́n àmì tí kò sí lójú ìwé kò ṣeé wá rí.

Ọ̀rọ̀ ohùn tún wà níbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Èdè olóhùn ni Punjabi. Bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pe kòṛa, ẹṣin ni. Bí a bá fi ohùn òkè pe kóṛa, adẹ́tẹ̀ ni. Bí ohùn rẹ̀ bá wà láàárín, koṛa, pàṣán ni. (Ahọ́n a máa ká sẹ́yìn láti pe ṛ yìí.) Gurmukhi kò fi àmì kankan sórí fáwẹ̀lì láti fi ohùn hàn. Inú kọ́ńsónáǹtì ni ó fi pamọ́ sí: ó kọ ẹṣin bí ghoṛa àti adẹ́tẹ̀ bí koṛha, bí wọ́n ti ń pè wọ́n láyé àtijọ́ kí ìró eléémìí náà tó di ohùn. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà láti ilé rí gh, ó sì mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ‘ghora’ ní lẹ́tà Rómánù fún ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ kà, g ni yóò pè, kò ní sí ohùn kankan níbẹ̀, r náà yóò sì di r àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Yorùbá ti rí irú èyí rí. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn babaláwo àti àwọn olórìṣà Kúbà ń dà kọ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àkọtọ́ èdè Spéènì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá: ch dúró fún ṣ, ẹ àti e di ọ̀kan, ọ àti o di ọ̀kan, ohùn kò sì sí. Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ di ‘owo’ kan ṣoṣo, ó wá ku kí ẹni tí ó ń kà á gbára lé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjèèjì kò dọ́gba, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ kan náà mú wọn. Ṣáájú kí ìpàdé àkọtọ́ ti Èkó ní ọdún 1875 tó wáyé ni wọ́n ti kó àwọn Yorùbá lẹ́rú lọ sí Kúbà. Wọn kò ní àkọtọ́ kan tí ó fìdí múlẹ̀ tí wọn ìbá gbé dání. Àwọn Sikh ní lẹ́tà tí Guru Angad ti tún ṣe láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tẹ ìwé ìròyìn pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àwọn tí ó ń tẹ lẹ́tà Rómánù ní àwíjàre, àwíjàre náà kò sì kéré. Òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kò ní àkókò láti kọ́ ọmọ ní lẹ́tà 35. Kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ ní gurdwara kò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò lè ka Gurmukhi yóò dákẹ́ nígbà tí ìjọ bá ń gbàdúrà, ọmọ tí ó bá sì dákẹ́ títí kì í pẹ́ kúrò láàárín ìjọ. Èrò yìí kan náà ni ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ Sikh Missionary Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gravesend ní ọdún 1969, tí ó ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ìwé tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni ọ̀rọ̀ Guru. Gutka onílẹ́tà Rómánù ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú gutka tí ó gbajúmọ̀, ìlà mẹ́ta ni ó máa ń tẹ̀lé ara wọn: Gurmukhi lókè, Rómánù láàárín, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Láti ìgbà Ernest Trumpp, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1877 bí àwọn Sikh nínú nítorí ẹ̀gàn tí ó kún inú rẹ̀, títí dé Max Arthur Macauliffe, tí ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé Sikh jókòó kí ó tó tẹ ìdìpọ̀ mẹ́fà tirẹ̀ jáde ní Oxford ní ọdún 1909, Gẹ̀ẹ́sì Bíbélì ni ó ń dún nínú ìtumọ̀. Ẹlẹ́dàá di ọkùnrin pátápátá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ Punjabi fún ẹnìkẹta kò yàtọ̀ sí ‘ó’ ti Yorùbá: kò dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo. Nikky-Guninder Kaur Singh ti pe àkíyèsí sí èyí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1993, ó sì gbìyànjú ìtumọ̀ mìíràn ní ọdún 1995. Ó ṣòro láti rí ipa iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìlà kẹta gutka.

Kò sí ohun tí ó burú nínú ìlà mẹ́ta bí ìlà òkè bá jẹ́ ìlà tí a ń kà. Ojú ọmọ a máa lọ síbi tí ó mọ̀, àwọn olùtẹ̀jáde kò sì fún un ní ìdí kankan láti gbé e sókè. Àlàyé Sahib Singh lórí gbogbo ìwé mímọ́ náà, ìdìpọ̀ mẹ́wàá, èdè Punjabi ni ó fi kọ ọ́. Ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù ni kò lè kà á. Ojú-ìwé mẹ́rin péré tó láti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé sihari, aunkar àti àwọn kọ́ńsónáǹtì tí ohùn sá pamọ́ sí, kí a sì tẹ̀ ẹ́ síwájú Japji nínú gbogbo gutka tí ó bá ń lọ sí òkèèrè. Akal Takht, tí ó dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan dúró ní Surrey, ní àṣẹ láti béèrè irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé tí wọ́n wà ní ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ní Amritsar.