Ìwé Ewé àti Ewé Inú Igbó

Nínú ìwé Ewé tí Pierre Fatumbi Verger tẹ̀ jáde ní Brazil ní 1995, a rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ ewé ni ó sábà máa ń jáde nínú ọfọ̀ rẹ̀. Àlàyé tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kan patanmọ́ rí, kí ó wo bí ó ti ń pa ewé rẹ̀ dé wéré, àkọ́sórí lásán ni ìtumọ̀ orúkọ náà jẹ́ fún un. Òórùn imí-eṣú kò sì sí lójú ìwé kankan.

Ẹnu àwọn babaláwo àti oníṣègùn ni Verger fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Èéṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ọfọ̀ yóò fi jókòó sínú kíláàsì títí dọjọ́ ìdánwò? Mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni kí wọn jẹ́, kí àgbà tó mọ ewé ṣáájú wọn. Ogójì ènìyàn yóò ti tẹ rinrin pa kí ẹni ẹ̀yìn tó dé ibẹ̀. (Rinrin kò tilẹ̀ gba ìrìn jíjìn: ẹ̀bá ògiri balùwẹ̀ ni ó ń hù.) Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì àti ti Ẹ̀gbá yóò ti máa jiyàn orúkọ, ewé kan náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.